Nígbà Tí Oògùn Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn Kò Bá Jẹ́ Kí Ẹsẹ̀ Sinmi

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lè padà sọ́dọ̀ dókítà láàárín ọjọ́ díẹ̀, kó ní òun kò rí oorun sùn mọ́. Àìsàn náà ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi, nítorí àìróorunsùn wà lára àmì rẹ̀. Wọ́n á fi kún oògùn, tàbí kí wọ́n fi oògùn oorun tì í lẹ́yìn. Lójú tèmi, ìbéèrè kan ló yẹ kó ṣáájú: báwo ni ẹsẹ̀ yín ṣe ń ṣe yín lálẹ́?

Àìsàn ẹsẹ̀ tí kì í sinmi kì í ṣe tuntun. Thomas Willis, oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ nípa rẹ̀ ní 1672, kí Karl-Axel Ekbom ará Sweden tó wá ṣàlàyé rẹ̀ kúnnákúnná ní nǹkan bí 1945. Kì í ṣe pajápajá. Bí ẹni náà bá ṣe fẹ̀yìn lélẹ̀ báyìí, nǹkan á máa rìn ín nínú ojúgun bí ẹni pé kòkòrò wà lábẹ́ awọ, kò sì ní lè ṣe kó má gbé ẹsẹ̀. Tó bá dìde tó rìn yí yàrá ká, á lọ. Tó bá tún dùbúlẹ̀, á tún dé. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ìdájí ni ẹsẹ̀ wọn tó ń rọlẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ mọ́.

Ní Jámánì, àwọn oníwádìí tẹ̀ lé èèyàn 271 tó ń bẹ̀rẹ̀ oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2008. Àìsàn ẹsẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ lára nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 wọn, tàbí kó le sí i lára wọn. Láàárín àwọn tó ń lo mirtazapine, ọ̀kan lára àwọn oògùn náà, ó tó ìdá 28. Èyí sì jọ ohun tí a mọ̀ nípa ọpọlọ: dopamine, èròjà tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́, ló dà bíi pé ó ń bójú tó ìsinmi ẹsẹ̀ yìí, ọpọlọ sì nílò èròjà irin láti ṣe é. Àwọn oògùn tó ń gbé serotonin, irú èròjà bẹ́ẹ̀ mìíràn, sókè, bíi fluoxetine àti sertraline, ni a gbà pé wọ́n lè tẹ dopamine rì. Bupropion, tí kì í gba ọ̀nà serotonin ṣiṣẹ́, kì í sábà fa ìyọnu yìí.

Àwọn kan á ní ìwádìí mìíràn ní 2005, tó yẹ èèyàn 200 wò, kò rí ìsopọ̀ kankan. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí àìróorunsùn ti gbé wá sílé ìwòsàn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò; irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò lè sọ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń sinmi dáadáa kó tó gbé oògùn àkọ́kọ́ mì. Òótọ́ sì ni pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àìsàn ẹsẹ̀ yìí máa ń rìn pọ̀, oògùn ì báà wà, ì báà má sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka ìwádìí tó mọ bí ẹsẹ̀ ti rí ṣáájú oògùn sí ju èyí tí kò mọ̀ ọ́n lọ.

Ẹ̀rù tó tún ń ba àwọn kan ni pé irú ọ̀rọ̀ yìí á lé aláìsàn sá fún oògùn. Ẹ̀rù náà tọ́, nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń pa èèyàn, ẹni tó bá sì dá oògùn rẹ̀ dúró lójijì lè rí ìpọ́njú. Àmọ́ ẹni tí a kò sọ fún ló máa ń dá a dúró láìbi ẹnikẹ́ni, torí kò mọ ohun tó ń ṣe é. Òmíràn á gba ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì lọ ra promethazine kó lè sùn, bẹ́ẹ̀ oògùn yẹn gan-an lè mú kí ẹsẹ̀ náà burú sí i.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ferritin, tó ń fi hàn bí irin tó wà nípamọ́ nínú ara ṣe pọ̀ tó, ló yẹ kó tẹ̀ lé ìbéèrè nípa ẹsẹ̀ náà. Bí kò bá ju 75 µg/L lọ, oògùn irin lè ràn án lọ́wọ́, pàápàá aláboyún àti obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ máa ń pọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, dókítà lè dín oògùn kù díẹ̀díẹ̀ tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Kí aláìsàn má fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é o: bupropion tó rọ ẹsẹ̀ ẹnì kan lọ́rùn léwu fún ẹni tó ní wárápá.