Táyà Ẹrẹ̀ àti Ọ̀nà Igbó Afaka

Ẹni tí ó bá gba Mando jáde nílùú Kàdúná, tí ó dojú kọ ọ̀nà Birnin Gwari, yóò dé Afaka láìpẹ́, níbi tí Nigerian Defence Academy, ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn tí yóò di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun, tẹ́ ibùdó rẹ̀ ńlá sí, tí igbó ọba sì nà lọ bẹẹrẹ, igbó tí àwọn onímọ̀ ti gbin igi àjèjì bíi yukalíptọ́ọ̀sì sí láti wo èyí tí ilẹ̀ ọ̀dàn yóò gbà nínú wọn. Ibẹ̀ náà ni Federal College of Forestry Mechanisation wà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó tí olú rẹ̀ wà ní Jericho n'Íbàdàn bí káàkiri Nàìjíríà, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ti ń fi katakata àti ẹ̀rọ ńláńlá ṣiṣẹ́ nínú igbó. Nírú àdúgbò bẹ́ẹ̀, kò sí olóko tàbí awakọ̀ Hilux tí kò ní í bi ara rẹ̀ léèrè, bí òjò bá ti ń ṣú, pé irú táyà wo ni ó yẹ kí òun fi sẹ́sẹ̀ ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé ìdáhùn ti wà nílẹ̀: táyà ẹrẹ̀ ni, èyí tí eyín rẹ̀ rí gàdàgbà-gàdàgbà, tí ojú rẹ̀ sì le débi pé ẹni tí ó bá rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà yóò gbà pé kò sí àbàtà tí ó lè dá olówó rẹ̀ dúró.

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀nà ni à bá kọ́kọ́ wò kí a tó dárúkọ táyà, nítorí pé táyà tí ó jẹ́ akọni nínú ẹrẹ̀ lè jẹ́ ọ̀tá ọlọ́kọ̀ lórí ọ̀dà.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí àwa ọmọ Yorùbá. Agbégilódò, akọni inú aginjù, ọkọ̀ tí bọ́dì rẹ̀ ti jẹ tán ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò gbà pé òun darúgbó, ti ń wọ́ gẹdú jáde nínú igbó Oǹdó àti ti Ìjẹ̀bú láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Awakọ̀ rẹ̀ a máa ṣe ìbà fún Ògún Lákáayé kí ó tó wọ igbó, ṣùgbọ́n kì í gbàgbé láti fi ẹsẹ̀ ta táyà rẹ̀ wò pẹ̀lú.

Iṣẹ́ tí táyà ẹrẹ̀ ń ṣe kò fara sin. Àlàfo tí ó wà láàárín eyín kan sí èkejì jìn, ó sì fẹ̀, kí ẹrẹ̀ lè ráyè wọ ibẹ̀, kí eyín náà sì rí nǹkan gbá mú. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá sì ti yí padà sókè, agbára yíyí náà yóò fọ́n ẹrẹ̀ ọ̀hún dànù, kí eyín tí ó mọ́ lè padà wá bá ilẹ̀. Táyà tí àlàfo rẹ̀ há kò lè da ẹrẹ̀ nù. Yóò dì í pa bí ọkọ́ tí àgbẹ̀ kò gbọ̀n nínú oko àkùrọ̀, a sì di òbìrìkìtì tí ń yọ̀ lójú kan. Ìdí nìyí tí ẹni tí ń wa táyà ẹrẹ̀ kò fi gbọdọ̀ máa rọra fà á nínú pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ bí ẹni tí ń rìn lórí ẹyin: ó ní láti jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí dáadáa kí táyà lè wẹ ara rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ kò bá ti sún síwájú mọ́, kí ó yáa fi ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, nítorí yíyí lójú kan kò ju kí ènìyàn máa gbẹ́ kòtò fún ọkọ̀ ara rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà táyà kì í sì í sọ ni pé ẹrẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Lójú ọ̀nà yangí, irú èyí tí ó pọ̀ ní Kàdúná, òjò a máa sọ òkè ilẹ̀ di ọ̀bọ̀rọ́ tí ń yọ̀, nígbà tí ìsàlẹ̀ ṣì le koránkorán. Ohun tí ó yẹ ibẹ̀ ni táyà tín-ínrín tí yóò gé ẹrẹ̀ náà kọjá lọ bá ilẹ̀ líle. Nínú fàdámà, létí odò, níbi tí amọ̀ dúdú ti jìn tí kò sì sí ilẹ̀ líle nítòsí, gígé ni ikú ọkọ̀. Táyà fífẹ̀ tí yóò léfòó ni ibẹ̀ ń fẹ́. Ẹ wo nọ́ńbà tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà: 235/85R16 àti 265/75R16 ga tó ara wọn, ọgọ́rin sẹ̀ǹtímítà tàbí díẹ̀ lé, ṣùgbọ́n èkejì fi ọgbọ̀n mìlímítà fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìbú táyà, èkejì ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí a bá fi ìbú náà dá ọgọ́rùn-ún, ìkẹyìn sì ni ìwọ̀n rìímù ní ínṣì. R tí ó dúró láàárín jẹ́ ti radial, ọ̀nà ìhun okùn inú táyà tí Michelin gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1946, tí gbogbo ayé sì gbà lọ́wọ́ wọn.

Àtàrí àjànàkú kì í ṣẹrù ọmọdé, nítorí náà nọ́ńbà tí ó tẹ̀ lé ìwọ̀n náà ṣe pàtàkì fún agbẹ́rù: 112 túmọ̀ sí pé táyà kan lè gbé 1,120 kìlógíráàmù, 121 sì jẹ́ 1,450. Lẹ́tà Q tí a máa ń rí lára ọ̀pọ̀ táyà ẹrẹ̀ ń sọ fún ọ pé kí o má ṣe sá ju 160 kìlómítà ní wákàtí kan. Kí ẹni tí ó bá sì gbé táyà tí ó ga ju ti àtilẹ̀wá sẹ́sẹ̀ ọkọ̀ rántí pé géèjì eré yóò máa tàn án: bí a bá kúrò lórí 265/70R16 bọ́ sórí 265/75R16, géèjì yóò máa ka 100 nígbà tí ọkọ̀ ti ń sá 103.

Ìyà táyà ẹrẹ̀ wà lórí ọ̀dà. Nítorí pé àlàfo rẹ̀ pọ̀, rọ́bà tí ó ń kan ilẹ̀ kéré. Nítorí pé eyín rẹ̀ jẹ́ ìkìtì-ìkìtì tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń gé omi kò pọ̀ lójú rẹ̀, kì í di ọ̀dà tútù mú bí táyà yòókù, ọkọ̀ á sì sá jìnnà kí ó tó dúró nígbà tí a bá tẹ búréèkì lójijì nínú òjò. Kò tán síbẹ̀: ó ń hó, ó ń jẹ epo, ó sì ń tètè jẹ. Òjò Kàdúná ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ó ń kan góńgó lóṣù kẹjọ, ó sì ń dá lóṣù kẹwàá. Ìyókù ọdún jẹ́ ti ọyẹ́, eruku àti yangí gbígbẹ tí òkúta rẹ̀ ń gé eyín táyà jẹ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ igbó lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, tí ó sì ń sá lọ sá bọ̀ lórí ọ̀dà Kàdúná sí Zaria láàárín rẹ̀, ń fi owó ra ariwo ni. Lójú tèmi, táyà alábọ́ọ̀dé, èyí tí wọ́n ń pè ní all-terrain, tó fún un. Ẹni tí ẹrẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni kí ó ra táyà ẹrẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ti ààbò ńkọ́, nítorí ní oṣù kẹta 2021 ni àwọn agbébọn ya wọ ilé-ẹ̀kọ́ igbó Afaka lóru tí wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ 39 lọ, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ kí ọkọ̀ òun há ní àdúgbò náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n táyà kan kò sọ ọ̀nà tí kò yẹ ní gbígbà di ọ̀nà tí ó yẹ.

Ọjọ́ orí táyà ni mo fi sí ìpò kìíní, ṣáájú eyín rẹ̀. Ẹ tẹ̀ síbi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ wá lẹ́tà DOT, kí ẹ tẹ̀ lé e dé ìparí: nọ́ńbà mẹ́rin ìkẹyìn, bíi 2321, ń sọ pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2021 ni wọ́n ṣe é, àwọn aláṣẹ ìrìnnà ojú pópó ní Nàìjíríà sì ti ní kí ẹnikẹ́ni má lo táyà kọjá ọdún mẹ́rin sí ọjọ́ náà. Láti ìgbà tí Michelin ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007, tí Dunlop náà sì dá ṣíṣe táyà dúró n'Íkẹjà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ òkun ni ọ̀pọ̀ táyà wa ń bá wọlé, tòkunbọ̀ sì wà nínú wọn tí eyín rẹ̀ ga bí tuntun ṣùgbọ́n tí rọ́bà rẹ̀ ti gan. Tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ́rọ́ pẹ̀lú àtàńpàkò: bí o bá rí ìlà wẹ́wẹ́ tí ó là bí ojú ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, dá a padà fún ọlọ́jà, ì báà jẹ́ pé ìdajì owó ni ó ń gbà.

Ẹ yanjú ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tán kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ fọ́kánáísà. Bí ẹrẹ̀ bá jìn, a lè tú afẹ́fẹ́ táyà kúrò ní bíi 35 psi wá sí 20, kí ojú táyà lè tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó padà sórí ọ̀dà, a gbọ́dọ̀ tún fẹ́ ẹ, nítorí táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré ń gbóná lórí eré, èyí tí ó bá gbóná jù a sì bẹ́. Nítorí náà, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré tí ń jẹ bátìrì ọkọ̀ wúlò ju páànù ìdáná lọ nínú bọ́ọ̀tù. Kí sípíà táyà pẹ̀lú jẹ́ ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú mẹ́rin tí ó wà nílẹ̀: nínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀, táyà kan tí ó kéré sí yòókù ń fa gíá wàhálà tí owó àtúnṣe rẹ̀ lè tó ti táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.