CR-V Tuntun: Ìgbà Wo Ni, Kí Ni Yóò sì Yí Padà?

Àwòrán jíìpù Honda CR-V “tuntun” tí ẹ ń pín kiri lórí WhatsApp, púpọ̀ nínú wọn, ẹnì kan ló jókòó ti kọ̀ǹpútà tó yà wọ́n. Ọdún ni kí ẹ wò. Honda kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1995, wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ ní 2001, 2006, 2011, 2016 àti 2022. Ọdún márùn-ún sí mẹ́fà ni. Nítorí náà, 2027 tàbí 2028 ni mo fojú sí.

Ìrísí rẹ̀ kọ́ ló ká mi lára. (Ní 2006 wọ́n yọ sípíà táyà kúrò lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ayé ò sì parẹ́.) Ẹ́ńjìnì ni. Díẹ̀ lára àwọn ti 2022 ń lo epo àti bátìrì pọ̀. Bí gbogbo ti tuntun bá wá rí bẹ́ẹ̀, tó bá di tòkunbọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa ńkọ́? Mẹkáníìkì àdúgbò wa wo ni yóò tú bátìrì tí iná rẹ̀ lè pa èèyàn?