Ìṣirò Inú Ọpọ́n Ayò: Ìgbà Wo Ni Ó Yẹ Kí Á Jẹ?

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni ó ti mọ ayò ta kí ẹ tó mọ ìwé kà. Ẹ má ṣe fojú kéré ìmọ̀ náà. Ìṣirò ni. Ẹ jẹ́ kí á kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí.

Ọpọ́n ayò ní ilé 12: 6 jẹ́ tiyín, 6 jẹ́ ti ẹni tí ẹ jọ ń ta. Ọmọ ayò 4 ni à ń kó sínú ilé kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Ẹni tí ó bá jẹ 25 ti borí. Bí ọmọ tí ẹ fi parí bá bọ́ sí ilé ẹnìkejì, tí ilé náà sì di 2 tàbí 3, ẹ ó kó o. Bí ilé rẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn ìyẹn náà bá di 2 tàbí 3, ẹ ó kó o pẹ̀lú. Òfin ayò lè yàtọ̀ níbòmíràn, ṣùgbọ́n èyí ni a ó lò níhìn-ín.

Láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún, ẹ pe ilé yín ní 1 dé 6. Ilé ẹnìkejì tí ó kọjú sí 6 ni 7. Ẹ máa kà á lọ títí dé 12, tí ó kọjú sí 1. Ọ̀nà tí ọmọ ayò ń gbà nìyẹn.

Ẹ wo ọpọ́n yìí. Lọ́dọ̀ yín, ilé 1 ní ọmọ 1, ilé 2 ní 2, ilé 3 ní 1, ilé 5 ní 3, ilé 6 ní 1. Lọ́dọ̀ rẹ̀, ilé 7 ní 1, ilé 9 ní 2, ilé 10 ní 5. Àwọn ilé yòókù ṣófo. Ẹ ti jẹ 17, òun ti jẹ 15. Ó kàn yín láti ta.

Ẹni tí ó ń kánjú yóò ta ilé 6. Ilé 7 yóò di 2, yóò sì kó o. Ó dùn. Ṣùgbọ́n ọmọ 5 tí ó wà ní ilé 10 yóò lọ sí 11, 12, 1, 2 àti 3. Ilé 1 yóò di 2, ilé 2 yóò di 3, ilé 3 yóò di 2. Ẹnìkejì yóò jẹ 7 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ jèrè 2, ẹ pàdánù 7. Tiyín di 19, tirẹ̀ di 22.

Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ gbé ọmọ ilé 3 sí ilé 4. Ẹ kò tíì jẹ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá ta ilé 10, ọmọ ìkẹyìn yóò bọ́ sí ilé 3 tí ó ti ṣófo. Ọmọ 1 péré ni yóò wà níbẹ̀, kò sì lè jẹ ẹ́. Bí ó bá ta ilé 9 tàbí 10, ilé 7 ṣì ń dúró dè yín. Bí ọmọ ilé 7 bá sì sá lọ sí ilé 8, ọmọ 3 tí ó wà ní ilé 5 yín yóò bá a níbẹ̀. Ọ̀nà yòówù kí ó gbà, 2 yín kò tíì sọnù.

Ṣé kí á máa sá fún ewu nígbà gbogbo ni? Rárá. Ká ní ọpọ́n kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹ ti jẹ 23, òun sì ti jẹ 9. Ẹ ta ilé 6 kíákíá! 23 àti 2 jẹ́ 25. Ẹ ti borí. Kò sí ohun tí 7 tirẹ̀ lè ṣe mọ́.

Nítorí náà, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó fọwọ́ kan ilé kan: Mélòó ni mo máa jẹ? Mélòó ni ó lè jẹ padà? Mélòó ni ó kù kí n tó dé 25? Gbogbo ọmọ ayò ló wà ní gbangba, ojú lè kà wọ́n. Ọ̀ta náà ń wọnú ewu bí òpè, ṣùgbọ́n ó ti ka iye rẹ̀ kí ó tó wọ̀ ọ́.

Ó rí bẹ́ẹ̀ lóko pẹ̀lú. Bí oníṣòwò bá fẹ́ fi owó gidi ra àgbàdo tí ẹ fi pamọ́ fún irúgbìn, ẹ ka owó náà. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ohun tí ẹ ó fi ra òmíràn nígbà tí òjò bá rọ̀.

Ẹ ṣe é wò: Ẹ to ọpọ́n náà bí a ti sọ. Ẹ ta ilé 5. Ibo ni ọmọ ìkẹyìn bọ́ sí? Mélòó ni ẹnìkejì lè jẹ? Ẹ kọ ìdáhùn yín sínú ìwé.