Àìdúró-sójú-kan Ohun Gbogbo: Ẹ̀kọ́ Búdà àti Ìmọ̀ Àgbẹ̀ Èkìtì

Ìfáàrà
Àwọn àgbà ní ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Síbẹ̀, bí òbí akẹ́kọ̀ọ́ bá kú, ohun tí olùkọ́ sábà ń sọ ni pé kí ó má sunkún mọ́. Bébà yìí yẹ ẹ̀kọ́ Búdà wò láti fi hàn pé gbígba àdánù kì í ṣe bíbo ẹkún mọ́lẹ̀.

Ẹ̀kọ́ Búdà
Siddhartha Gautama, tí a mọ̀ sí Búdà, kọ́ni ní àríwá Íńdíà ní nǹkan bí 2,500 ọdún sẹ́yìn. Ó ní gbogbo ohun tí ó parapọ̀ di ọ̀kan ni yóò tú ká. Èdè Pali ń pe èyí ní anicca. Ohun tí ó ń fa ìrora ni pé a rọ̀ mọ́ nǹkan bí ẹni pé kò ní í yí padà. Ìtàn ẹ̀sìn náà sọ pé ọmọ Kisa Gotami kú, ó sì ń wá oògùn tí yóò jí i. Búdà ní kí ó tọrọ hóró mọ́sítádì ní ilé tí ikú kò wọ̀ rí. Kò rí irú ilé bẹ́ẹ̀. Ó gbà, ó sì yọ̀ǹda òkú ọmọ rẹ̀.

Ìbámu àti Ìyàtọ̀
Àgbẹ̀ oníṣu ní Ayégbajú tàbí Ìkọ̀lé kò ṣàìmọ èyí: èbù tí ó gbìn ni ó ń jẹrà nínú ebè bí iṣu tuntun ti ń ta. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ọjà ni ó ń tú. Ilé kì í tú. Lójú Búdà, ọ̀run pàápàá kì í ṣe ibùgbé ayérayé. Kò pọn dandan kí a gba èyí kí a tó lo ọgbọ́n ìfarabalẹ̀-kíyèsí tí ó kọ́ni.

Ìlò fún Olùkọ́
Ní ọdún 1979, Jon Kabat-Zinn gbé ọgbọ́n yìí wọ ilé-ìwòsàn Yunifásítì Massachusetts ní Amẹ́ríkà, láìfi ti ẹ̀sìn ṣe. Kí ènìyàn jókòó, kí ó kíyè sí èémí rẹ̀ bí ó ti ń wọlé tí ó sì ń jáde. Bí ọkàn bá sá lọ, kí ó rọra dá a padà. Bí ìbànújẹ́ bá dé, kí ó má lé e, kí ó má sì dì í mú. Olùkọ́ tí ó bá fi èyí kọ́ra yóò lè jókòó ti ọmọ tí ń sunkún láìpa á lẹ́nu mọ́.

Ṣùgbọ́n gbígbà yàtọ̀ sí ìjuwọ́sílẹ̀. A kò gbọdọ̀ fi àìdúró-sójú-kan ṣe àwáwí fún òrùlé kíláàsì tí ó ń jò. Ohun tí ó lè bàjẹ́ ni a ń tún ṣe.

Àgbálọgbábọ̀
Òwe wa ti sọ òtítọ́ náà fún wa. Ẹ̀kọ́ Búdà fi ìdánrawò kún un. Ó yẹ kí olùkọ́ tí ń gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ní méjèèjì kí ó tó dúró níwájú ọmọ tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.