Omi Bẹ́tílẹ́hẹ́mù àti Pizza Ọgbọ̀n Ìṣẹ́jú

Bíbélì kíkà: 2 Sámúẹ́lì 23:13-17

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Kétu ṣe ìpàdé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù keje, wọ́n sì dá owó jọ láti ra pizza. Wọ́n tẹ ilé oúnjẹ kékeré kan láago pé kí wọ́n máa gbé e bọ̀. Kò pẹ́ ni òjò dé. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà Ìkòròdú láti Òjọ́tà dé Máìlì 12 nígbà tí òjò bá ń rọ̀ kò nílò àlàyé. Nígbà tí ọmọkùnrin tí ó gbé e wá yóò fi dé, ó ti lé ní wákàtí kan. Omi ń kán lára àṣíborí rẹ̀, orúnkún rẹ̀ kan sì ti bó nítorí pé ó ṣubú lọ́nà. Ọ̀kan nínú àwọn akọrin wa wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní àwọn kò ní sanwó, nítorí pé ó pẹ́, oúnjẹ náà sì ti tutù. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ń gbọ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó mú kí n wádìí òwò yìí, bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Fún ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ kò tíì jẹ ẹ́ rí, ìyẹ̀fun àlìkámà ni wọ́n ń pò, wọn a tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ bí àwo, wọn a fi ọbẹ̀ tòmátì pa á lójú, wọn a da wàràkàṣì àti ẹran lé e, kí wọ́n tó tì í bọ inú ààrò gbígbóná. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Ítálì ni ó ti wá. Èmi fúnra mi, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́, ọ̀jọ̀jọ̀ ṣì tẹ́ mi lọ́rùn jù ú lọ. Nígbà tí àwọn ọmọ wa wà ní kékeré, Mr Bigg's tí ilé iṣẹ́ UAC dá sílẹ̀ ní 1986 ni a máa ń kó wọn lọ lẹ́yìn ìsìn láti jẹ mítì-páì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka rẹ̀ ni ó ti kógbá sílé láti ìgbà náà. Ní 2012 ni ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Eat'N'Go gbé Domino's Pizza wọ Èkó. Kì í ṣe àwọn ni wọ́n ni orúkọ náà. Ará Amẹ́ríkà ni ó ni ín, àwọn ń sanwó láti lò ó, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣe é bí olórúkọ ṣe fẹ́. Victoria Island ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọjá afárá sí òkè, wọ́n dé Ìbàdàn, Àbújá àti Port Harcourt. Ní 2021 wọ́n gba ti orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà mọ́ ọn. Wọ́n tilẹ̀ ń fi sùúyà sí i lórí fún wa!

Ọmọ aláìníbaba ni ẹni tí ó dá Domino's sílẹ̀. Tom Monaghan ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí baba rẹ̀ kú, ó sì gbé ní ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ìjọ Àgùdà. Ní 1960, òun àti James àbúrò rẹ̀ yá owó, wọ́n ra ṣọ́ọ̀bù pizza kékeré kan ní ìlú Ypsilanti ní ìpínlẹ̀ Michigan. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà fi sú James. Ó fi ìdajì tirẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì gba Volkswagen oníjàpá àlòkù kan. Nígbà tí Tom máa ta ilé iṣẹ́ náà ní 1998, ó tó nǹkan bíi bílíọ̀nù dọ́là kan. Ẹ̀yin tí ẹ ka Jẹ́nẹ́sísì 25 ti mọ ẹni tí mo rántí.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé òwò gbígbé nǹkan kiri ni òwò yìí ju òwò ìdáná lọ. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun fún ọ̀pọ̀ ẹ̀ka. Ọkọ̀ tí ó ní ẹ̀rọ amúǹkantutù ni ó ń pín in kiri. Ẹ̀ka kò ṣe ju pé kí ó tẹ́ ẹ, kí ó kó nǹkan sí i lórí, kí ó sì yan án ní ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí ó bá ti jáde nínú ààrò ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, gbogbo eré tó kù ti di ti ẹni tí ń gbé e. Àwa ará Kòsọ́fẹ́ yẹ kí a tètè lóye èyí. Láti òkè Ọya lọ́hùn-ún ni tòmátì ti ń wá sí Máìlì 12 nínú apẹ̀rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dákú lọ́nà, omi tòmátì ni wọn yóò já sílẹ̀. Àwọn alábàárù tí ń fi orí ru ẹrù láàárín ọjà náà, ta ni ó mọ orúkọ wọn nínú wa?

Láàárín àwọn ọdún 1970 ni Domino's ní Amẹ́ríkà ṣe ìlérí kan tí ó sọ ọ́ di olókìkí: bí pizza kò bá dé láàárín 30 ìṣẹ́jú, ọ̀fẹ́ ni. Nígbà tí ó yá, wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀dínwó dọ́là 3. Àwọn oníbàárà ń yọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ tí ń wa ọkọ̀ náà ń sáré. Ní 1992, ilé iṣẹ́ náà san mílíọ̀nù dọ́là 2.8 fún àwọn ẹbí obìnrin kan tí ó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní ìpínlẹ̀ Indiana. Ní 1993, àwọn ará ìlú tí ilé ẹjọ́ yàn láti dá ẹjọ́ ní St. Louis dájọ́ pé kí wọ́n san ohun tí ó súnmọ́ mílíọ̀nù dọ́là 80 fún obìnrin kan tí ó farapa nígbà tí awakọ̀ wọn kò dúró fún iná pupa. Oṣù yẹn gan-an ni wọ́n fagi lé ìlérí náà. Òfin Ọlọ́run nínú Deutarónómì 22:8 ni pé kí ẹni tí ó kọ́ ilé mọ odi kékeré yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà já bọ́. Odi yẹn ni wọ́n gbàgbé láti mọ.

Ní Èkó wa níbí, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 2022, ìjọba fi Kòsọ́fẹ́ kún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ọ̀kadà kò gbọ́dọ̀ ná mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tí mo mọ̀ kó èrò sílẹ̀, wọ́n so àpótí mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, wọ́n di agbéjíṣẹ́ oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó jẹ́ pé iye ilẹ̀kùn tí wọ́n kàn ní ọjọ́ kan ni owó wọn. Kò sí ẹni tí ó kọ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sínú ìwé fún wọn. Ẹnu wa ni ó wà: "Níbo lo dé? Ṣé o ṣì ń bọ̀?" A ń pè wọ́n nígbà mẹ́ta, mẹ́rin, wọ́n sì ń fi ọwọ́ kan dá wa lóhùn láàárín ọkọ̀ akẹ́rù.

Dáfídì wà nínú ihò Ádúlámù, òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́, ó sì mí kanlẹ̀ nítorí omi kànga ẹnubodè Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Kò rán ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin mẹ́ta gbọ́, wọ́n la ibùdó Fílístínì já, wọ́n sì gbé omi náà dé. Ọba kò wo bí ó ti pẹ́ tó. Ó wo ohun tí ó lè ná wọn, kò sì lè mu ún. Ó tú u sílẹ̀ níwájú Olúwa, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó fi ẹ̀mí wọn wéwu ni ó rí nínú rẹ̀.

Ìtàn yìí ni mo sọ fún akọrin wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ìyàwó mi ti ń fi omi gbígbóná nu orúnkún ọmọkùnrin yẹn. Wọ́n san gbogbo owó náà, wọ́n bu pizza tútù náà, wọ́n fún un ní èrúnrún méjì. Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró, akọrin wa ni ó bá a ti alùpùpù rẹ̀ dé ojú títì.