Ẹ̀kọ́ nípa Ara àti Oyún Àwọn Ọmọdébìnrin

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni àwọn ọkọ̀ tí ó kó tòmátì, ata àti iṣu ti ń wọ ọjà Mile 12 ní Kòsọ́fẹ́. Àgbẹ̀ tí ó bá kó irè oko wá síbẹ̀ yóò rí ọmọbìnrin tí ń bá ìyá rẹ̀ pàtẹ, kí ó tó wọ aṣọ ilé-ìwé lọ sí Kétu tàbí Ìkòsì. Yóò sì rí ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó gbé igbá lérí láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, tí kò ní ilé-ìwé kan láti lọ. Ara àwọn méjèèjì ń dàgbà bákan náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni ìjọba ṣètò láti là lóye nípa rẹ̀.

Ní ọdún 1999 ni ìgbìmọ̀ àpapọ̀ tí ń ṣe àkóso ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà fi ọwọ́ sí i pé kí a máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ọ̀ràn ìbálòpọ̀. Ìwé ìlànà rẹ̀ sì jáde ní 2001. Orúkọ náà kò dùn létí ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí náà ni a ṣe yí i padà sí Ẹ̀kọ́ Ìgbé-ayé Ìdílé àti Àrùn Éèdì. Ní ọdún 2003, Ìpínlẹ̀ Èkó, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ẹgbẹ́ Action Health Incorporated, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ fún àwọn ọmọ kíláàsì ìsàlẹ̀ ní ilé-ìwé girama ìjọba, nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ.

Ọ̀ràn náà kì í ṣe ti ìtìjú nìkan. Ọmọbìnrin tí egungun ìbàdí rẹ̀ kò tí ì gbó lè rọbí fún ọjọ́ méjì láìbí. Bí kò bá kú, ilé ìtọ̀ rẹ̀ lè ya, kí ìtọ̀ sì máa jò lára rẹ̀ láìdábọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú gìrì nígbà oyún a sì máa kọlu àwọn tí kò tí ì pé ogún ọdún ju àwọn tí ó ti lé díẹ̀ ní ogún ọdún lọ.

Ǹjẹ́ ẹ̀kọ́ yìí dín oyún kù? Nínú ìwádìí ìlera gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2018, 19 nínú 100 ọmọbìnrin ẹni ọdún 15 sí 19 ni ó ti bímọ tàbí tí ó lóyún àkọ́kọ́ sínú. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, 1 péré nínú 100 ni. Ẹni tí ó bá yára yóò wí pé ẹ̀kọ́ náà ni ó ṣe é. Ọ̀rọ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Láàárín àwọn tí kò kàwé rárá ní gbogbo ilẹ̀ náà, 44 nínú 100 ni ó ti di ìyá tàbí aboyún. Ní Èkó, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ń kàwé, a kì í sì í tètè fi wọ́n fún ọkọ. Ìjókòó nínú kíláàsì fúnra rẹ̀ jẹ́ ààbò, ohunkóhun tí ì báà jẹ́ ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà.

Ibi tí a ti yẹ ẹ̀kọ́ náà wò fínnífínní ni ìwọ̀-oòrùn Kẹ́ńyà. Ìwádìí tí Pascaline Dupas tẹ̀ jáde ní ọdún 2011 fi hàn pé ẹ̀kọ́ ìjọba ibẹ̀, tí ń wí fún ọmọ pé kí ó pa ara rẹ̀ mọ́ títí di ìgbéyàwó, kò dín oyún kù. Ṣùgbọ́n níbi tí a ti sọ fún àwọn ọmọbìnrin ní gbangba pé kòkòrò àrùn Éèdì pọ̀ lára àwọn ọkùnrin àgbà ju ti àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ, oyún dín kù ní ìdá 28 nínú 100. Wọ́n sá fún bàbá olówó. Kì í ṣe pé pípa ara mọ́ kò dára. Ìkìlọ̀ tí kò dárúkọ ewu ni kò dé ọkàn ọmọ.

Ní ọdún 2022, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ìgbà náà, Adamu Adamu, pàṣẹ pé kí a yọ ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ kúrò nínú ìwé ìlànà ilé-ìwé, kí a fi í sílẹ̀ fún àwọn òbí àti àwọn ilé ìsìn. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí a dá ẹrù padà fún ni yóò gbé e, bẹ́ẹ̀ ni òbí tí ń sọ̀rọ̀ yìí láìfi òwe bò ó kò pọ̀.

Ohun tí ìyá ní láti sọ kò gùn. Ẹyin obìnrin a máa jáde ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú nǹkan oṣù, nítorí náà ọmọ tí kò tí ì rí nǹkan oṣù àkọ́kọ́ pàápàá lè lóyún. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó. Fífi omi fọ ara lẹ́yìn náà kò dí oyún lọ́wọ́. Bí ọkùnrin kan bá ń fún ọmọ lówó ní ìkọ̀kọ̀, kí ọmọ wá sọ ọ́ nílé láìbẹ̀rù ẹgba. Bí nǹkan oṣù bá sì dúró, kí a mú un lọ sí ilé ìtọ́jú aboyún láìjáfara, kí a má ṣe lé e jáde. Ọmọ tí ó gbé igbá ní Mile 12 kò ní tíṣà tí yóò sọ èyí fún un. Ìyá tí ń rán an níṣẹ́ ọjà, àti kíláàsì ọjọ́ Ìsinmi bí ó bá ń wá síbẹ̀, ni ó kù.