Ṣé oúnjẹ ló fà á ni, àbí nǹkan mìíràn?



Bí ara ọmọ bá sú, kíá la máa ń sọ pé, "Ẹyin ni! Ẹ má fún un mọ́." Bó bá di ọ̀la, a yọ ẹja. Bó di ọ̀tunla, a yọ ẹ̀pà. Kò ní pẹ́ tí yóò fi ku àkàsà àti ata nìkan fún ọmọ. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í rù, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ dájú pé oúnjẹ ló fà á.

Oúnjẹ tí ara kọ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní aléjì, wà lóòótọ́. Ara wa ní ọmọ ogun tí ń bá àrùn jà. Lára ọmọ mìíràn, ọmọ ogun yìí á ṣi oúnjẹ mú, á pè é ní ọ̀tá. Ẹyin, wàrà màlúù, ẹ̀pà, ẹja, edé, akàn, sọ́yà àti búrẹ́dì wà lára àwọn tó máa ń fà á. Èèwọ̀ ìdílé kọ́ là ń sọ o. Ìyẹn, àwọn baba ló fi lélẹ̀. Èyí, ara ọmọ fúnra rẹ̀ ló kọ̀ ọ́.

Báwo la ṣe máa dá a mọ̀? Ẹ wo àkókò. Èyí tó pọ̀ jù máa ń yọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí 2 lẹ́yìn oúnjẹ, á sì tún yọ nígbà mìíràn tí ọmọ bá jẹ ẹ́. Bí ọmọ bá jẹ ẹyin láàárọ̀ àná, tí ara rẹ̀ wá sú lálẹ́ òní, ẹ wo ooru, ẹ̀fọn àti kúrúnà kí ẹ tó dá ẹyin lẹ́bi. Bó bá jẹ́ ìgbẹ́ gbuuru, ó lè jẹ́ omi ìdọ̀tí tàbí oúnjẹ àná. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, ẹ má dúró, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, tàbí kí ẹ ní kí ọmọ iléèwé bá yín kọ ọ́: kí ló jẹ, kí ló wà nínú rẹ̀, aago mélòó, kí ló yọ. Ẹ fi fóònù ya ara tó sú. Ẹ bi ẹni tó tà á: ṣé òróró tó fi dín ẹja ló fi dín àkàrà? Ṣé ẹ̀pà wà nínú ọbẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń tà, tí wọ́n bá bi yín, ẹ sọ òótọ́, nítorí ẹ̀mí ọmọ ni.

Ẹ mú ìwé náà lọ bá dókítà. Ó lè fi abẹ́rẹ́ kékeré yẹ awọ ara wò, tàbí kó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò yẹn nìkan kò tó láti dájọ́: ó lè mú oúnjẹ tí ọmọ ń jẹ láìsí wàhálà. Èyí tó dájú jù ni kí dókítà fún ọmọ ní oúnjẹ náà díẹ̀díẹ̀ nílé ìwòsàn, tí oògùn wà nítòsí. Ẹ má ṣe é nílé o!

Bí ètè tàbí ahọ́n bá wú, tí ọmọ ń mí fíì-fíì, tí ohùn rẹ̀ há, tàbí tí ara rẹ̀ rọ̀ jọwọlọ, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní àgbo. Ẹ wá ọkọ̀ tàbí zémíjàn, kí ẹ sáré gbé e lọ. Abẹ́rẹ́ adrenaline ló ń gba ẹ̀mí là nírú àsìkò yẹn.

Bí dókítà bá ní kí ẹ yọ oúnjẹ kan, ẹ bi í pé kí lẹ máa fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ má já ọmú gbà lẹ́nu ọmọ láìbi í. Ẹ sì padà lọ fún àyẹ̀wò, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ tí ara wọn kọ ẹyin tàbí wàrà ló ń padà jẹ ẹ́ bí wọ́n bá dàgbà.

Bí a bá fẹ̀sọ̀ pa eèrà, a ó rí ìfun rẹ̀.